Ìkòkò Ọbẹ̀ fún Ọgọ́rùn-ún Ènìyàn

Kò sí ilé kan nílẹ̀ Yorùbá tí wọn kò ti mọ ọbẹ̀ ata. Àwọn àgbà wa a máa wí pé, "Ẹ̀mí tí kò bá jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni." Ìyá tó ń se ọbẹ̀ fún ọkọ àti ọmọ rẹ̀ kì í wo ìwé kí ó tó sè é. Ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó se ọbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní ìta gbangba, ọ̀rọ̀ yí padà. Ojú nìkan kò tó mọ́. Ìṣirò wọ inú rẹ̀, ìwé kíkà náà sì wọ inú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ àgbà wa gba ìwé ẹ̀rí, a pinnu láti se ìkòkò ọbẹ̀ ńlá kan fún wọn, fún ọ̀rẹ́ wọn àti fún àwọn aládùúgbò. Ẹ̀bá Warehouse Road ni a ti sè é. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ni Òpópó Ilé Ìkẹ́rùsí, nítorí èbúté Àpápá kò jìnnà sí ibẹ̀. Ajégúnlẹ̀ náà kò jìnnà. Orúkọ ìlú yìí sọ pé ibẹ̀ ni ajé ti gúnlẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìlàjẹ àti Haúsá wà níbẹ̀. Ọgbà kan náà ni wọ́n ń gbé, ẹ̀rọ omi kan náà ni wọ́n ń pọn. Bí ẹnìkan bá se ọbẹ̀ níbẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í béèrè èdè kí ó tó wọlé.

A ṣe àwọn nǹkan kan dáadáa lọ́jọ́ náà. A sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ohun kan tí ì bá kó wa sí ìyọnu. Gbogbo rẹ̀ ni a ó sọ fún yín, nítorí ẹ̀yin náà yóò se irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ibo ni ata ti wá?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ata ti wà lọ́dọ̀ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ataare àti ìyèré ni ti ilẹ̀ wa. Ata rodo, ṣọ̀ńbọ̀ àti tàtàsé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń gbìn wọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí Columbus tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn ní ọdún 1492. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí gbé ata dé etí òkun wa. Tòmátì pẹ̀lú, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Àlejò ni ata jẹ́ nígbà kan. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó sì di ọmọ ilé. Ẹ ò rí i pé ó jọ àwọn ará Ajégúnlẹ̀?

Àwa nìkan kọ́ ni a ń se ọbẹ̀ ata lóde. Ní ìlú San Antonio, ní Texas ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin a máa se ẹran àti ata pọ̀ nínú ìkòkò ńlá, wọ́n a sì máa tà á ní gbàgede ìlú lálaalẹ́ ní àwọn ọdún 1880 sí 1890. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni chili. Ní ọdún 1977, ìjọba Texas sọ ọ́ di oúnjẹ ìpínlẹ̀ wọn.

Ìkòkò ńlá kì í ṣe ìkòkò kékeré

Ẹ jẹ́ kí a mú ìkòkò méjì. Èkíní fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 20. Yóò gba nǹkan bí lítà 6. Èkejì fẹ̀ ní 40, ó sì ga ní 40. Ẹnìkan lè sọ pé, "Ìlọ́po méjì ni." Rárá o! Ó fẹ̀ sí ọ̀tún ní ìlọ́po 2, ó fẹ̀ síwájú ní ìlọ́po 2, ó sì ga ní ìlọ́po 2. Ẹ ṣírò rẹ̀: 2 × 2 × 2 = 8. Ìkòkò kejì yóò gba nǹkan bí lítà 50.

Ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò, níbi tí iná ti ń kàn án, kò di ìlọ́po 8. Ìlọ́po 4 péré ni, nítorí 2 × 2 = 4. Ọbẹ̀ ti di ìlọ́po 8, àyè tí iná ń gbà wọlé sì jẹ́ ìlọ́po 4. Ohun mẹ́ta ni èyí ń fà.

Èkíní: ìkòkò ńlá kì í tètè gbóná.
Èkejì: bí a bá kánjú tí a kó igi púpọ̀ sí i, ìsàlẹ̀ a jó kí òkè tó hó.
Ẹ̀kẹta: bí ó bá ti gbóná tán, kì í tètè tutù.

Ẹ fi ẹ̀kẹta yìí sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Ohun tí a ó rà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ mọ̀. Ẹ wo iye tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ fún ènìyàn 4. Ènìyàn 100 pín sí ọ̀nà 4 jẹ́ 25. Nítorí náà, ẹ fi 25 sọ ohun gbogbo di púpọ̀. Bí ènìyàn 4 bá jẹ ẹran gíráàmù 600, ènìyàn 100 yóò jẹ gíráàmù 15,000, èyí ni kílò 15. Iye tí a rà nìyí:

Ẹran màlúù, kílò 15.
Tòmátì, kílò 16.
Tàtàsé, kílò 8.
Àlùbọ́sà, kílò 4.
Ata rodo, kílò 1.
Òróró, lítà 4.
Iyọ̀, gíráàmù 300.
Ìrẹsì tí a ó fi jẹ ẹ́, kílò 12.

Ẹ má ṣe da gbogbo ata rodo àti iyọ̀ sínú ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọdé yóò jẹ ẹ́, arúgbó yóò jẹ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lo ìdajì ata rodo, àti gíráàmù 200 nínú iyọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó jinná. Ohun tí kò tó, a lè fi kún un. Ohun tí ó bá pọ̀ jù, ta ni yóò yọ ọ́?

Púpọ̀ nínú tòmátì tí a ń jẹ ní Èkó, Òkè Ọya ni ó ti ń wá, ọjà Mile 12 ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń sọ̀kalẹ̀ sí. Ọ̀nà jìn, èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ a máa fọ́. Ẹ tú apẹ̀rẹ̀ wò. Ẹ ra díẹ̀ kún un, kí ẹ lè ṣa èyí tó jẹrà dànù. Ní ọdún 2016, kòkòrò ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, owó rẹ̀ sì fò sókè gidigidi. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, ẹ dín tòmátì kù, kí ẹ fi tàtàsé àti àlùbọ́sà dí i.

Ní ti ẹran, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ pè kí ẹ tó rà á. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹran tí a kò pa bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti wí. Ọ̀dọ̀ alápatà tó jẹ́ Mùsùlùmí ni a ti ra tiwa, gbogbo ènìyàn sì jẹ ẹ́.

Àgbá àti igi

Ẹ̀bá èbúté ni a ń gbé. Àgbá irin pọ̀ níbẹ̀, pákó pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan a máa gé àgbá, wọ́n a fi se oúnjẹ. Ẹ má dán an wò. Ẹ kò mọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ epo ẹ̀rọ, ó lè jẹ́ oògùn apakòkòrò. Omi àti ọṣẹ kò lè fọ irú rẹ̀ kúrò tán. Ẹ yá ìkòkò lọ́wọ́ alásè. A yá èyí tó gba lítà 75, kí ìdá kan nínú mẹ́ta lè ṣófo lókè. Ìkòkò tó kún dé ẹnu a máa hó dànù.

Nísisìyí, a dé ibi tí àṣìṣe wa wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, igi tí a rà kò tó. Ẹnìkan fún wa ní pákó gbígbẹ lọ́fẹ̀ẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹrù nínú ọkọ̀ òkun. Inú wa dùn. A ti ń là á sí wẹ́wẹ́. Ìyá kan nínú kíláàsì wa, tó ń ta ẹja, dúró tì wá. Ó mú pákó kan, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Mo rí M, mo rí B. Kí ni wọ́n ń wá lára igi?"

A ní, "Ìyá, àmì oníṣòwò ni, ẹ jẹ́ kí a dáná."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé kí a má fojú fo ohun tí a bá rí tí a kọ."

Kí ni a lè wí sí ìyẹn? A pe ọmọkùnrin kan ládùúgbò tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní èbúté. Ó wo pákó náà, ó mi orí. Ó ṣàlàyé pé ní ọdún 2002 àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan pé kí a máa pa kòkòrò inú pákó ẹrù kí ó tó wọ ìlú mìíràn, kí a sì lu òǹtẹ̀ sí i lára. HT ni èyí tí wọ́n fi ooru pa kòkòrò rẹ̀. MB ni èyí tí wọ́n fi gáàsì olóró pa kòkòrò rẹ̀. Ó ní òun kò ní fi èyí tó ní MB dáná oúnjẹ láé. Ó tún kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi pákó tí a kùn lọ́dà dáná, tàbí pákó tó ní àwọ̀ ewé nítorí oògùn ìkán. Nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni májèlé kan wà tí à ń pè ní arsenic. Ó wà nínú èéfín rẹ̀, ó sì wà nínú eérú rẹ̀.

A kó pákó náà dànù, a sì lọ ra igi mìíràn. Àwa tí a ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, a fojú fo lẹ́tà méjì. Ẹni tó ń kọ́ A, B, D ní ọdún kan sẹ́yìn ni ó kà á fún wa. A kì í tijú láti sọ ọ́.

Ibi tí a ó dáná sí

Ẹ wá ilẹ̀ gbalasa tó tẹ́jú. Kí ó jìnnà sí ògiri pákó, sí aṣọ tí a sá, àti sí wáyà iná. Ní ìhà Àpápá, táńkà epo a máa gba ojú ọ̀nà. Ẹ má dáná lẹ́bàá ibi tí táńkà dúró sí. Ẹ má sì dáná lẹ́bàá gọ́tà bí ẹ bá gbọ́ òórùn epo nínú rẹ̀. Ẹ to òkúta mẹ́ta ńlá fún ààrò, kí ẹ gbé ìkòkò òfìfo lé e wò kí ẹ tó da nǹkan sí i. Bí ó bá ń mì nígbà tí ó ṣófo, kí ni yóò ṣe nígbà tí ó bá kún?

Ẹ fi okùn yí ààrò ká, kí ọmọdé má baà wọ ibẹ̀. Ẹ gbé garawa iyanrìn kan àti garawa omi kan sílẹ̀. Bí iná bá ń kú, ẹ fẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe da epo pẹntiróòlù sí i láéláé. Nọ́ńbà tí a fi ń pe àwọn panápaná àti ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ní Èkó ni 767 tàbí 112. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Sísè

Ẹ lọ tòmátì, tàtàsé, ata rodo àti ìdajì àlùbọ́sà ní ẹ̀rọ. Ẹ fọ̀ wọ́n dáadáa kí ẹ tó lọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ata rodo, kí ó fi òróró pa ọwọ́ kí ó tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí omi lásán kì í mú títa ata kúrò.

Ẹ bọ ẹran nínú ìkòkò mìíràn pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ àti àlùbọ́sà. Ẹ tọ́jú omi rẹ̀.

Ẹ da ata lílọ̀ sínú ìkòkò ńlá, ẹ jẹ́ kí ó hó títí omi rẹ̀ yóò fi dínkù. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ da òróró sí i. Ẹ jẹ́ kí ó dín títí òróró yóò fi léfòó tí ìkan ata yóò sì lọ. Nígbà náà ni kí ẹ da omi ẹran sí i, kí ẹ kó ẹran sí i, kí ẹ sì fi iyọ̀ tó kù àti èròjà sí i.

Ènìyàn méjì ni kí ó máa fi orógùn gígùn rò ó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kí orógùn kan ìsàlẹ̀ ìkòkò ní gbogbo ìgbà. Bí iná bá pọ̀ jù, ẹ fa igi jáde. Ẹ má bu omi sí iná. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn jíjó, ẹ má ṣe fi orógùn ha ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹ yára bu ọbẹ̀ sí ìkòkò mìíràn, kí ẹ fi èyí tó jó sílẹ̀. Bí ẹ bá rò ó pọ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò rùn. Tiwa gbà wá ní wákàtí 4 gbáko.

Pípín

Ọwọ́ kí ó kọ́kọ́ mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì pa ènìyàn. Inú omi àti oúnjẹ tí ìdọ̀tí bà ni àrùn yìí ń gbà wọ ara. Ẹ gbé omi àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà. Omi mímu, kí ẹ sè é. Ẹni tó ń ṣu gbuuru kò gbọdọ̀ bu oúnjẹ fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà. Ẹ yan ènìyàn méjì péré láti bu ọbẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà àti ọmọdé. Bí gbogbo ènìyàn bá ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Èyí tó ṣẹ́kù

Ẹ rántí ohun kẹta tí a sọ: ìkòkò ńlá kì í tètè tutù. Àwa kò mọ èyí ní ọdún kan sẹ́yìn. A se ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣẹ́kù tó ìdajì ìkòkò. A dé e, a lọ sùn. Ní òwúrọ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárín. A yọ̀ pé kò tíì tutù. A gbé e kaná díẹ̀, a pín in fún ilé mẹ́rin. Kí ilẹ̀ tó ṣú, inú ń run ènìyàn mọ́kànlá, wọ́n ń ṣu gbuuru. Ọmọ kan lo òru méjì ní ilé ìwòsàn. A dúpẹ́ pé ó yè. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ará ilé kejì ló fi nǹkan sí ọbẹ̀, nítorí èdè wọn yàtọ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà. Kò sí ẹni tó fi nǹkan sí i. Àwa tí a dé ìkòkò ni.

Báyìí ni ó ti rí. Àwọn kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí. Wọ́n ní ẹyin tó le, tí ọbẹ̀ híhó kì í pa. Bí ọbẹ̀ bá gbóná janjan, wọn kò lè dàgbà. Bí ó bá tutù gan-an, wọn kò lè yára dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á jí, wọ́n á sì pọ̀ bí eéṣú. Àwọn mìíràn a máa tu májèlé sínú oúnjẹ, tí àtúngbékaná kò lè mú kúrò.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ sùn nínú ìkòkò ńlá. Kí wákàtí méjì tó kọjá lẹ́yìn jíjẹ, ẹ pín èyí tó kù sínú abọ́ tí kò jìn. Ẹ fi fún àwọn aládùúgbò lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ní fíríìjì, kí ó gbé tirẹ̀ sí i. Èyí tí kò bá rí ẹni jẹ ẹ́, ẹ dà á nù. Ọbẹ̀ tí a dà nù kò tó owó ilé ìwòsàn.

Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sínú omi mímọ́ lítà 1. Kí ṣíbí kún dọ́gba, kí ó má ga ju ẹnu lọ. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí iná tàbí ọbẹ̀ bá jó ènìyàn

Ẹ da omi tútù sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ní ọjọ́ ìwé ẹ̀rí náà, ìkòkò ti ṣófo kí ó tó di agogo mẹ́jọ alẹ́. Àwọn ilé méjì tó fẹ́ jà ní ọdún tó kọjá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ìyá ẹlẹ́ja ni ó bu ọbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó jọ, kí ojú kà á, kí ọpọlọ sì ṣírò rẹ̀.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Èwo ni ti ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀: ata rodo ni tàbí ataare?
2. Bí ènìyàn 4 bá jẹ tòmátì gíráàmù 640, kílò mélòó ni ènìyàn 100 yóò jẹ?
3. Lẹ́tà wo ni ẹ bá rí lára pákó tí ẹ kò fi ní fi dáná oúnjẹ?
4. Kí ni ìdí tí ọbẹ̀ kò fi gbọdọ̀ sùn nínú ìkòkò ńlá?
5. Nọ́ńbà wo ni ẹ ó pè ní Èkó bí iná bá ń jó? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísisìyí.